Eyín Tó Ká Lẹ́nu: Afárá Eyín Tó Dúró Lórí Èèkàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń jẹ àgbàdo, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín. Adìẹ kò jẹ̀bi jù, nítorí pé Ọlọ́run fún un ní iwe tí ń bá a lọ oúnjẹ nínú ikùn. Àwa ènìyàn kò ní iwe. Eyín wa ni ọlọ wa. Bí ọlọ bá fọ́ nínú ilé, gbogbo ará ilé ni yóò mọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ká, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa dákẹ́ títí ọdún mẹ́wàá.

Ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, a máa ń rí irú wọn láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn awakọ̀ àti àwọn olùkọ́. Nítorí ọ̀ràn mìíràn ni wọ́n ṣe ń wá: inú rírun, oúnjẹ tí kò dà, àìlókun. Bí a bá ní kí wọ́n la ẹnu, a óò rí i pé eyín ẹ̀yìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò sí mọ́ ní apá kan. Iyán ni ó ń bo àṣírí wọn, nítorí pé iyán kò fẹ́ eyín. Òkèlè a máa wọlé lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran inú ọbẹ̀ ńkọ́? Àgbàdo sísun, ẹ̀pà, obì àti èso ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa fi oúnjẹ gidi sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé eyín iwájú ni ó ká, bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ni yóò fi bo ẹnu. Ẹ má sì pe irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ní èjí. Ẹwà ni èjí. Ọgbẹ́ tí a kò tọ́jú ni èyí.

Ní ayé òde òní, ọ̀rọ̀ kan ti gba ìgboro: wọ́n ní àwọn dókítà ti ń gbin eyín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ ọ́ lọ́jà kọ́ ni ó rí. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù ṣe àlàyé rẹ̀ lónìí, kí ẹni tí ó ní owó má baà fi owó rẹ̀ ra ìrora, kí ẹni tí kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ má baà rò pé òun kò ní ìrètí.

OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀ NÍBI TÍ EYÍN TI KÁ

Eyín 32 ni ó yẹ kí ó pé sí ẹnu àgbàlagbà. Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń dín wọn kù. Èkíní ni eyín tí ó jẹrà tí a kò tètè tọ́jú. Èkejì ni àrùn ẹran ìdí eyín, tí ń mú kí eyín máa mì títí tí yóò fi bọ́. Ẹ̀kẹta ni ìjàǹbá, pàápàá ìjàǹbá ọ̀kadà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti yọ eyín tí ń dunni, ọ̀ràn ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò eyín ni ó ń fún egungun àgbọ̀n ní iṣẹ́ ṣe nígbà tí a bá ń jẹun, iṣẹ́ náà ni ó sì ń mú kí egungun lágbára. Bí gbòǹgbò bá kúrò, egungun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í joro, bí ebè tí òjò ń wọ́ lọ. Láàárín ọdún kan péré, nǹkan bí ìdajì ìbú egungun tí ó wà níbẹ̀ lè ti lọ. Eyín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo yóò máa dà sí inú àlàfo náà. Èyí tí ó kọjú sí i yóò máa gùn bọ̀ wá, nítorí kò rí ẹnìkejì tí yóò dá a dúró. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹnu náà yóò wọ́, jíjẹ kò sì ní ṣe déédéé mọ́ ní ìhà méjèèjì.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ egungun yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ẹ̀kọ́ wa òní dá lé. Eyín funfun tí a ń rí kọ́ ni ó ṣòro jù. Ilẹ̀ tí a óò gbé e lé ni.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ A FI Ń DÍ ÀLÀFO

Ọ̀nà kìíní ni eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ. Orí ike pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tò ó sí. A ń fi í sẹ́nu láàárọ̀, a sì ń yọ ọ́ lálẹ́ kí a fọ̀ ọ́. Kò nílò iṣẹ́ abẹ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè máa yẹ̀ nígbà tí a bá ń jẹ ohun líle, àti pé egungun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dẹ́kun láti joro. Nítorí náà, bí ó bá pẹ́, yóò tóbi ju ẹnu lọ, a óò sì ní láti tún un ṣe. Síbẹ̀, ohun tí ó dára ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tijú nítorí pé òun ń lò ó.

Ọ̀nà kejì ni afárá tí ó dúró lórí eyín ẹni. Dókítà eyín yóò gé eyín tí ó wà ní ìhà méjèèjì àlàfo kéré, yóò sì fi afárá bò wọ́n, kí eyín àtọwọ́dá lè wà láàárín. Ó dára bí eyín tí ó ká bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n a ti gé eyín tí ara rẹ̀ dá nítorí èyí tí kò sí, bí àlàfo bá sì gùn, ẹrù yóò wúwo jù fún eyín méjì. Bí ó bá wá jẹ́ pé gbogbo eyín ẹ̀yìn ni ó ti lọ, kò sí òpó kejì tí afárá yóò fẹsẹ̀ tì.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí à ń sọ lónìí: afárá tí ó dúró lórí èèkàn. Dókítà yóò ri èèkàn kékeré onírin mọ́ inú egungun àgbọ̀n, bí a ti ń ri èèkàn tí a fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Èèkàn náà ni yóò rọ́pò gbòǹgbò eyín. Kò ga púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ara rẹ̀ sì ní ojú lílọ́ bí ìṣó tí káfíńtà máa ń lọ́ wọ inú igi. Lórí èèkàn yìí ni a óò de ọrùn kékeré kan mọ́, lórí ọrùn náà ni afárá eyín yóò sì jókòó lé.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá wa máa ń bi mí: “Sístà, ọmọ mi, bí eyín mẹ́rin bá ká, ṣé irin mẹ́rin ni wọn óò kàn mọ́ mi lẹ́nu?” Rárá o, Yèyé. Bí eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ká tẹ̀lé ara wọn, èèkàn méjì sábà máa ń tó láti gbé afárá gbogbo wọn. Bí gbogbo eyín àgbọ̀n kan bá ti lọ pátá, èèkàn mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà ń lò. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní afárá: kì í ṣe gbogbo ibi tí a ń tẹ̀ lórí afárá ni òpó wà lábẹ́ rẹ̀.

IBI TÍ ỌGBỌ́N YÌÍ TI WÁ

Ní ọdún 1952, onímọ̀ ìṣègùn ará Sweden kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun. Ó fi ohun èlò kékeré tí a fi irin titanium ṣe sínú egungun ehoro. Nígbà tí ó fẹ́ yọ ohun èlò náà kí ó lè tún un lò, kò yọ mọ́. Egungun ti hù mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ọ̀pọ̀ irin ni ara máa ń kà sí àlejò, tí yóò sì fi ẹran rírọ̀ yí i ká kí ó má baà kan egungun. Titanium kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun gbà á bí ará ilé.

Brånemark rò ó pé bí egungun bá lè di irin yìí mú báyìí, eyín lè dúró lé e lórí. Ní ọdún 1965, ní ìlú Gothenburg, ó ri èèkàn mẹ́rin mọ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gösta Larsson, ẹni tí a bí pẹ̀lú àbùkù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin náà lo èèkàn wọ̀nyí títí ó fi kú ní ọdún 2006, èyí tí ó lé ní 40 ọdún. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà eyín kò gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí ó di ọdún 1982, tí a ṣe ìpàdé ńlá kan ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ni àwọn ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Lónìí, bí a bá ri 100 èèkàn mọ́ ẹnu àwọn tí ara wọn yá tí wọ́n sì ń tọ́jú ẹnu, ó lé ní 90 nínú wọn tí yóò ṣì dúró lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹ kà á ní ẹsẹẹsẹ.

1. Àyẹ̀wò. Dókítà yóò bèèrè àìsàn tí ẹ ti ṣe rí àti oògùn tí ẹ ń lò. A óò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. A óò fi X-ray wo bí egungun ti ga tó, bí ó ti fẹ̀ tó, àti ibi tí iṣan ìmọ̀lára gbà kọjá nínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Bí a bá gbẹ́ kan iṣan yìí, ètè lè kú bí ẹni tí ó sùn, ó sì lè má jí mọ́.

2. Títún ilẹ̀ ṣe. A óò yọ kùkùté eyín tí ó jẹrà, a óò sì tọ́jú ẹran ìdí eyín tí ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí egungun bá ti joro jù, dókítà lè ní láti kọ́kọ́ fi kún un, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ó le.

3. Rírì èèkàn. Dókítà yóò fún yín ní abẹ́rẹ́ tí ń mú kí ojú ibẹ̀ kú. Ẹ ó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dùn yín. Jẹ́jẹ́ ni ó ń gbẹ́ egungun, tí omi tútù ń dà sí i. Ohun alààyè ni egungun; bí ooru ibẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n 47 fún bí ìṣẹ́jú kan, egungun náà lè kú, èèkàn kò sì ní dúró nínú egungun tí ó ti kú. Nítorí náà ni a kì í ṣe é pẹ̀lú ìkánjú, tí a kì í sì í ṣe é pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò mú.

4. Ìdúródè. Níbí ni sùúrù ti ń tán lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ fi ń hù mọ́ èèkàn. Ti òkè lè tó oṣù mẹ́fà, nítorí pé egungun rẹ̀ rọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Wọ́n lè fún yín ní eyín tí ẹ óò máa fi bo ojú ibẹ̀ kí àkókò tó pé. Àwọn dókítà kan a máa de eyín ìgbà díẹ̀ mọ́ èèkàn ní ọjọ́ kan náà bí egungun bá le dáadáa. Dókítà ni yóò pinnu èyí, kì í ṣe ìkánjú wa.

5. Gbígbé afárá lé e. A óò de ọrùn mọ́ èèkàn, a óò wọn ẹnu, a óò sì rán ìwọ̀n náà sí àwọn tí ń ṣe eyín. Bí afárá bá dé, dókítà yóò dè é mọ́lẹ̀, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá eyín tí ó kọjú sí i mu. Ẹ kò ní máa yọ ọ́ lálẹ́.

Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú ọ̀ràn yìí, oṣù ìdúródè ni ẹ̀sọ̀ náà.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ WỌ́N DÚRÓ NÁ

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un wálẹ̀, nítorí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jinná. Bí ṣúgà náà bá ti wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, àtọ̀gbẹ nìkan kò ní kí a má ṣe é. Ẹni tí ń mu sìgá wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ pé èèkàn rẹ̀ lè yọ. Ọmọ tí àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ń dàgbà kò gbọdọ̀ ṣe é, nítorí pé èèkàn kì í bá a dàgbà. Aboyún yóò dúró di ẹ̀yìn ìbímọ.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pamọ́ fún dókítà: ẹni tí a ti fi iná ẹ̀rọ tọ́jú jẹjẹrẹ ní orí tàbí ọrùn rẹ̀, ẹni tí ń gba oògùn tí ń mú egungun le, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn àgbàlagbà tí egungun wọn ti fúyẹ́ àti àwọn kan tí ó ní jẹjẹrẹ, ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹ bá ń lo àgbo, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú. Dókítà kò ní bú yín.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Àṣìmọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a fà tu níhìn-ín. Àwọn kan ń wí pé níwọ̀n bí eyín náà ti jẹ́ àtọwọ́dá, kòkòrò kò lè jẹ ẹ́, kò sì nílò fífọ̀. Òótọ́ ni pé irin kì í jẹrà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí irin dúró lé lè jẹrà. Bí ìdọ̀tí oúnjẹ bá pọ̀ ní ìdí èèkàn, ẹran ibẹ̀ yóò wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, egungun yóò sì máa jẹ lọ lábẹ́lẹ̀. Ó lè máà dunni rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èèkàn bá fi máa mì, ọ̀ràn ti bọ́ sórí.

Nítorí náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Ẹ fi òwú ìfọyín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ afárá kọjá, nítorí pé abẹ́ afárá ni oúnjẹ ń sá pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn orín lè máa run ún lórí eyín tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ṣóńṣó orín gún ìdí èèkàn. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ sì mọ èyí pẹ̀lú: láàárín eyín gidi àti egungun, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ń sọ fún wa bí a ti ń fi agbára gé nǹkan jẹ tó. Èèkàn kò ní irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè gé ohun líle jẹ kọjá agbára afárá kí ó má mọ̀. Ẹ má ṣe fi í pa ekùrọ́, ẹ má ṣe fi í fọ́ egungun, ẹ má sì ṣe fi í ṣí ìdérí ìgò.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ẸLẸ́TÀN

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè kó owó àjọ tán lónìí, kí ó sì pàdé ẹni tí yóò sọ fún un pé òun lè gbin eyín mẹ́rin fún un kí ilẹ̀ tó ṣú, ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ sá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá po ike sí yín lẹ́nu, tí ó sì fi wáyà dè é mọ́ eyín tí ó kù, kò gbin nǹkan kan. Ó ń pa eyín tí ó kù ni. Dókítà eyín nìkan ni ó lè ri èèkàn mọ́ egungun, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria. Àwọn tí ń ṣe eyín àtọwọ́dá náà ní ìwé àṣẹ tiwọn, iṣẹ́ wọn sì níyì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ń ṣe iṣẹ́ abẹ.

Níhìn-ín ní Èkìtì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ bèèrè ẹ̀ka eyín, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọn yóò ṣe é níbẹ̀ tàbí wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ibòmíràn. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ìbàdàn àti ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àwọn ilé ìwòsàn ńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè ohun mẹ́rin, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé fún yín. Èèkàn mélòó ni, eyín mélòó ni yóò sì gbé? Ṣé iye owó yìí kan X-ray, èèkàn, ọrùn àti afárá, àbí èèkàn nìkan? Oṣù mélòó ni yóò gbà? Bí èèkàn kan bá yọ, ta ni yóò san owó àtúnṣe? Iṣẹ́ tí ó wọ́n ni, nítorí pé òkè òkun ni àwọn ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Bí owó kò bá tó, ẹ gba eyín tí à ń yọ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Ó sàn ju èèkàn tí aláìmọ̀kan rì lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Lálẹ́ òní, ẹ mú dígí, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ la ẹnu, kí ẹ sì ka eyín yín. Bí àlàfo bá wà, ẹ ṣírò ọjọ́ tí ó ti pẹ́ tó, nítorí pé egungun ibẹ̀ kò dúró dè yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní ìdí eyín nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí yóò dunni kí ẹ tó lọ rí dókítà eyín. Eyín tí a tọ́jú kí ó má ká, òun ni kò ní èèkàn, tí kò ní afárá, tí kò sì ní gbèsè. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi eyín wa jẹun kalẹ́ o.